Ibi Tí Páìpù Yóò Gbà

Ọjọ́ tí Mọ́ṣádé kọ́kọ́ rí Wàhábì, ìjà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Ọdún 1982 ni, òjò ọdún náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nílùú Ìjẹ̀bú-Òde. Mọ́ṣádé gbé ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó di ojú kan, ó ń fi èkejì wo ọ̀pá gígùn tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kan gbé dání lókèèrè. Awọnlẹ̀ ni. Ìjọba fẹ́ ri páìpù ńlá kan mọ́lẹ̀, tí yóò máa kó omi ìdọ̀tí láti agbègbè ọjà gba àárín ìlú kọjá lọ sí ìsàlẹ̀ odò. Òun ni wọ́n ní kó wá ibi tí páìpù náà yóò gbà.

Òṣìṣẹ́ rẹ̀ kejì ti gbé òòlù sókè láti kan pẹ́ẹ̀gì mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé búrẹ́dì kan, nígbà tí ọkùnrin kan já jáde láti inú ilé, tí ìyẹ̀fun bò ó láti ọwọ́ dé àyà.

"Ẹ dúró ńbẹ̀! Ta ló ní kẹ́ ẹ kan igi mọ́ ẹnu ọ̀nà mi?"

Mọ́ṣádé gbé ojú kúrò lára ẹ̀rọ. "Ẹ má bínú, sà. Ìjọba ló rán wa. Ilẹ̀ la fẹ́ wọ̀n."

"Ìjọba wo? Èyí tí kò lè kó gọ́tà? Ẹ pe ọ̀gá yín fún mi."

"Èmi ni ọ̀gá."

Ọkùnrin náà wo ṣòkòtò kakí tó wọ̀, ó wo bàtà rẹ̀ tó kún fún ẹrọ̀fọ̀, ó tún wo ojú rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ méjèèjì bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín náà kò tíì tán tí òjò fi dé, òjò ńlá tí kì í kìlọ̀. Mọ́ṣádé gbá ẹ̀rọ náà mọ́ àyà bí ẹni gbọ́mọ. Ọkùnrin náà nawọ́ gbà á, wọ́n sì jọ sá wọ abẹ́ òrùlé ilé búrẹ́dì. Inú ibẹ̀ móoru, òórùn búrẹ́dì tó ń jinná gbabẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n Mọ́ṣádé kò tíì nu ojú tán tó fi rí i tí omi dúdú ń ya wọ àgbàlá láti ẹ̀yìnkùlé. Omi náà gbé ewé, ìfófòó ọṣẹ àti oríṣiríṣi ohun tí ojú kì í fẹ́ rí. Ọkùnrin náà sáré lọ kó àpò yanrìn yí ẹnu kànga ká. Mọ́ṣádé gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀, ó bá a gbé e.

"Báyìí la ṣe ń ṣe é lọ́dọọdún," ni ọkùnrin náà wí nígbà tí wọ́n padà sábẹ́ òrùlé. "Ọdún kan wà tí a kò tètè gbé àpò, omi yìí wọ kànga. Onígbáméjì mú àbúrò mi, Sàúdátù. Kò tíì lọ́kọ."

Mọ́ṣádé nawọ́ sí àgbàlá. "Omi tẹ́ ẹ ń wò yìí gan-an ni páìpù tí mò ń sọ fẹ́ kó lọ."

"Ṣé òótọ́ ni?" Ó wò ó bí ẹni pé ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. "Ẹ dákun, ẹ kan pẹ́ẹ̀gì yín. Wàhábì lorúkọ mi. Ẹ má bínú pé mo pariwo." Ó bu búrẹ́dì gbígbóná sí méjì, ó gbé èyí tó tóbi jù fún un.

Láti ọjọ́ náà ni Mọ́ṣádé ti ń jẹ búrẹ́dì lójoojúmọ́, ẹni tí kò fẹ́ràn búrẹ́dì tẹ́lẹ̀.

Ibi yòówù tí iṣẹ́ bá gbé e dé nínú ìlú, ọ̀nà ilé búrẹ́dì ló ń gbà lọ sílé. Wàhábì á ti gbé àga kan síta dè é. Wọ́n á sọ̀rọ̀ nípa ìyẹ̀fun tó wọ́n, nípa àwọn baálé ilé tó ń lé awọnlẹ̀ kiri bí olè, nípa Sàúdátù tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jẹ ìkángun búrẹ́dì nígbà ayé rẹ̀. Alhaji Yẹ̀kínì, bàbá Wàhábì, ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ ààrò ńlá tí wọ́n fi ń yan búrẹ́dì níbẹ̀. Ẹ̀yìn ààrò náà ni wọ́n sì sin ín sí nígbà tó kú, torí ó ní òun kò fẹ́ jìnnà sí ìgbóná rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Wàhábì ò pè é ní "ẹ̀yin" mọ́.

"Mọ́ṣádé, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ," ló wí, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ kó dùn. Bí o bá ti kọjá tí o ò yà, búrẹ́dì ọjọ́ náà kì í wú."

Mọ́ṣádé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Àwọn ọkùnrin tó ti wá sẹ́yìn, bàtà ẹlẹ́rọ̀fọ̀ rẹ̀ ló ń lé wọn. "Èmi náà nífẹ̀ẹ́ rẹ, Wàhábì," ló dá a lóhùn. "Ó ti pẹ́ díẹ̀."

Ayọ̀ náà kò tọ́jọ́.

Mọ́ṣádé ti parí ìwọ̀n ilẹ̀, ó sì ti fa ìlà rẹ̀ sórí máàpù. Ohun tí ẹ̀rọ fi hàn án kò ṣòro láti lóye. Ojú omi àtijọ́ kan wà láàárín ìlú tí omi ń gbà lọ sódò nígbà ayé àwọn baba wọn. Ẹnì kan ti kọ́ ọ̀wọ́ ṣọ́ọ̀bù lé e lórí, ó dí i pa. Ìdí nìyẹn tí omi fi ń padà sẹ́yìn lọ ya bo ilé búrẹ́dì àti àwọn ilé tó yí i ká. Bí páìpù bá gba ojú omi náà, wẹ́rẹ́ ni iṣẹ́ á parí.

Agbo ilé Ògúnbánwò ni ibẹ̀, agbo ilé bàbá tó bí Mọ́ṣádé. Ẹni tó ni àwọn ṣọ́ọ̀bù náà ni Olóyè Ṣíjúadé Ògúnbánwò, àbúrò bàbá rẹ̀. Yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, tí páìpù yóò kọ́kọ́ gbà, ni Matilda, ìyá Mọ́ṣádé, ń gbé láti ìgbà ayé ọkọ rẹ̀, ibẹ̀ ló sì wà lẹ́yìn tó di opó. Mọ́ṣádé mọ gbogbo èyí, ṣùgbọ́n ó fa ìlà náà. Ó rò pé ìjọba á san owó ilé, òun á sì gba yàrá fún ìyá òun níbòmíràn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Ẹnjiníà Ìgè, ọ̀gá rẹ̀ ní ọ́fíìsì, tẹ́ máàpù síwájú rẹ̀. Ìlà tó fà kò sí níbẹ̀ mọ́. Ìlà pupa kan ló wà níbẹ̀, tó yí agbo ilé Ògúnbánwò ká, tó gba àárín ilé búrẹ́dì kọjá, tó sì gun òkè. Orí ààrò ló gbà. Orí sàréè ló gbà.

"Ọ̀gá, ta ló yí i padà?"

"Àwọn tó wà lókè."

"Láti ibẹ̀ lọ sódò, ilẹ̀ ga, sà. Omi kì í gun òkè."

"A máa gbẹ́ ẹ jìn. Ṣé ìwọ lo máa gbẹ́ ẹ ni?" Ìgè ká máàpù náà. "Mo gbọ́ pé o fẹ́ràn búrẹ́dì gan-an. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá jáde kí wọ́n tó fi ọ̀dà kọ ọ́ sára ògiri, mo ti mọ ẹnu tó ti jáde. Iṣẹ́ rẹ lọ nìyẹn."

Láti ọ́fíìsì, ọ̀dọ̀ Olóyè Ṣíjúadé ló kọrí sí. Ó bá a lórí àga ní fàráńdà, ó ń jẹ ìkọ́kọrẹ́. Ó kúnlẹ̀ kí i. Olóyè kò jẹ́ kó sọ ohun tó bá wá.

"Mọ́ṣádé, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ta ló rán ọ lọ sí Pólì Ìbàdàn nígbà tí bàbá rẹ kú?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

"Nígbà tí mọ̀lẹ́bí ní kí ìyá rẹ padà sílé bàbá rẹ̀ ní Odògbolú, ta ló ní kó dúró?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Ìlà tí o fà, yàrá ìyá rẹ ló máa kọ́kọ́ wó kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ṣé o mọ̀?"

"Mo mọ̀, Bàbá."

"O mọ̀, o sì fà á." Ó rẹ́rìn-ín, ó mi orí. "Èmi ni mo ní kí wọ́n yí i, mo gbà ọ́ lọ́wọ́ ara rẹ. Mo tún gbọ́ nípa ọmọ oníbúrẹ́dì yẹn. Èyí tó bá wù ọ́ ni kí o fẹ́, mi ò bá ọ jà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí o bá la ẹnu rẹ lórí ìlà yẹn, kí o wá kó ẹrù ìyá rẹ kúrò nílé mi. Òun àti ìwọ, mi ò mọ̀ yín mọ́."

Mọ́ṣádé jáde. Ó rìn yí agbo ilé náà ká bí ẹni tó ń wá ọ̀nà. Ó dà bíi pé wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn níwájú, wọ́n tì í lẹ́yìn, wọ́n sì ní kó máa yan èyí tí yóò fi orí gbá. Bó bá sọ̀rọ̀, ìyá rẹ̀ á sùn síta, iṣẹ́ rẹ̀ á sì lọ. Bó bá dákẹ́, ilé Wàhábì á wó. Ó dákẹ́. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun ń wá àyè láti ronú, ọjọ́ sì ń gorí ọjọ́.

Ohun tó wá mú un nira jù ni pé inú Wàhábì ń dùn. Ó ti kó bíríkì dé, ó ń mú ààrò bàbá rẹ̀ gbòòrò sí i, torí ó fẹ́ ní owó lọ́wọ́ kí ọdún Iléyá tó dé. Nígbà tí Mọ́ṣádé bá yà, orí àtẹ̀gùn ló máa ń bá a, amọ̀ á kún ọwọ́ rẹ̀, á máa kọrin.

"Bí a bá ti ṣọdún tán, àwọn èèyàn mi á wá tọrọ rẹ," ló wí lọ́jọ́ kan.

"Wàhábì, ṣé ààrò yìí ò lè dúró díẹ̀?"

"Kó dúró de kí ni?"

"Mi ò mọ̀. Kó kàn dúró."

Ó sọ̀kalẹ̀, ó jókòó tì í. "Mọ́ṣá, ṣé ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ló ń dà ọ́ láàmú? Bí o bá fẹ́ máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ, èmi fúnra mi ni màá máa fi mọ́tò búrẹ́dì gbé ọ lọ. Kò sẹ́ni tó máa yọ ọ́ lẹ́nu nínú ilé yìí. Wàá rí i."

Mọ́ṣádé bú sẹ́kún. Wàhábì fi apá tó kún fún amọ̀ gbá a mọ́ra, ó rò pé ayọ̀ ló ń pa á lẹ́kún.

Ìyá Wàhábì ni Alhaja Ràmọ́tà, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó di ọwọ́ Mọ́ṣádé mú, ó mú un gba ẹ̀gbẹ́ ààrò lọ sẹ́yìn, níbi tí sàréè ọkọ rẹ̀ wà. Wọ́n ti fi sìmẹ́ǹtì tẹ́ ẹ, wọ́n sì gbá a mọ́ tónítóní.

"Yẹ̀kínì," ni Alhaja wí, bí ẹni tó ń bá ẹni tó jókòó sílé sọ̀rọ̀, "ìyàwó tí ọmọ rẹ mú wálé nìyí. Oníwà tútù ni. Iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe." Ó yíjú sí Mọ́ṣádé. "Kí bàbá rẹ."

Mọ́ṣádé kúnlẹ̀. Ó mọ ibi gan-an tí ìlà pupa náà gbà, lábẹ́ orúnkún òun. Ó gbìyànjú láti sọ ọ́. Ìkíni nìkan ló ti ẹnu rẹ̀ jáde. Nígbà tó dìde, Alhaja bá a gbọn eruku kúrò lára aṣọ rẹ̀, ó sì fún un ní ìborùn àdìrẹ kan tí òun fúnra rẹ̀ lò nígbà tó wà ní ìyàwó tuntun.

Ó ku díẹ̀ kí Iléyá dé nígbà tí àwọn ọlọ́dà dé. Wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ àmì gàdàgbà sára ògiri ilé búrẹ́dì, sára ààrò tuntun tí amọ̀ rẹ̀ kò tíì gbẹ, àti sára sìmẹ́ǹtì sàréè. Wọ́n ní ẹni tó bá ní ẹ̀hónú kó wá sí gbọ̀ngàn ìlú lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Wàhábì ò bínú sí Mọ́ṣádé. Ohun tó dun Mọ́ṣádé jù nìyẹn. Ó sáré wá bá a lọ́nà ọ́fíìsì, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Mọ́ṣá, àṣìṣe ti ṣẹlẹ̀! Ìwọ lo wọn ibẹ̀, ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Bá mi sọ fún wọn pé wọ́n ti ṣì í."

Mọ́ṣádé ò lè wo ojú rẹ̀.

Wàhábì dúró. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Ṣé o mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Kí o tó kó bíríkì dé."

"Mo wà lórí àtẹ̀gùn lójoojúmọ́. O ń jókòó sórí àga, o ń wò mí."

"Wàhábì, jọ̀ọ́, jẹ́ kí n ṣàlàyé..."

"Màmá mi mú ọ lọ kí bàbá mi. O kúnlẹ̀ síwájú sàréè rẹ̀, o sì mọ̀." Ó yí padà. Kò pariwo. Ó rìn lọ bí ẹni tó ru ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Mọ́ṣádé lọ bẹ Alhaja Ràmọ́tà. Alhaja kò jáde sí i. Ó ní kí wọ́n sọ fún un pé òun ń kírun, nígbà tí kì í ṣe àsìkò ìrun kankan.

Yàrá ìyá rẹ̀ ló forí lé. Matilda ń lọ aṣọ, ó gbé irin sílẹ̀ bó ti rí ojú ọmọ rẹ̀. Mọ́ṣádé jókòó sórí ibùsùn, ó sì sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ẹyọ kan pamọ́. Nígbà tó parí, ìyá rẹ̀ ń wo ògiri yàrá náà yíká, ó ń wò ó bí ẹni wo ọgbà ẹ̀wọ̀n.

"Èmi ni wọ́n fi so ọ́ mọ́lẹ̀," ni Matilda wí.

"Màmi, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀."

"Jẹ́ kí n sọ ọ́. Láti ọjọ́ tí bàbá rẹ ti kú, mi ò fọhùn sókè rí nínú agbo ilé yìí. Wọ́n bú mi, mo ní ẹ ṣeun. Mo ń sọ pé nítorí rẹ ni, kí wọ́n lè rán ọ níléèwé. O ti kàwé tán, wọ́n ṣì ń fi yàrá yìí mú èmi àti ìwọ." Ó gbé irin padà, ó ń lọ aṣọ lọ. "Mi ò ní sọ fún ọ pé kí o sọ̀rọ̀ tàbí kí o má sọ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ nítorí èmi lo ṣe dákẹ́, má dákẹ́ mọ́. Mo ti dákẹ́ tó fún àwa méjèèjì."

Gbọ̀ngàn ìlú kún bámúbámú lọ́jọ́ ìpàdé. Olóyè Ṣíjúadé jókòó níwájú láàárín àwọn èèyàn ńlá. Ẹnjiníà Ìgè ṣàlàyé títí, ó ní kò sí ibòmíràn tí páìpù lè gbà. Wàhábì dìde, ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, èmi gan-an fẹ́ páìpù yìí, torí ẹni tí omi yẹn pa nílé mi. Ṣùgbọ́n bàbá mi ló sùn síbẹ̀. Ẹ bá mi bi wọ́n, ṣé lóòótọ́ ni pé kò síbòmíràn?"

"Kò sí," ni Ìgè dáhùn.

"Ó wà," ni Mọ́ṣádé wí láti ẹ̀yìn.

Gbogbo orí yí sí i. Ó di àga iwájú rẹ̀ mú. "Mọ́ṣádé Ògúnbánwò lorúkọ mi. Èmi ni mo wọn ilẹ̀ yìí. Ìlà àkọ́kọ́ tí mo fà, agbo ilé bàbá tó bí mi ló gbà, torí ibẹ̀ ni ojú omi. Àwọn àgbà tó wà níbí mọ̀ ọ́n. Àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n kọ́ lé e ló dí omi, tó fi ń padà lọ pa àwọn èèyàn nílé wọn. Wọ́n yí ìlà náà padà, mo mọ̀, mo sì dákẹ́, torí ìyá mi ń gbé nínú yàrá kan níbẹ̀. Ẹ foríjì mí. Bí ẹ kò bá gbà mí gbọ́, ẹ jẹ́ kí awọnlẹ̀ mìíràn wá wọ̀n ọ́n."

Ariwo sọ. Bàbá arúgbó kan dìde, ó ní òótọ́ ni, òun ti pẹja lójú omi yẹn lọ́mọdé. Ìgè ń pariwo pé wọ́n ti dá Mọ́ṣádé dúró lẹ́nu iṣẹ́ láti ìṣẹ́jú náà lọ. Olóyè Ṣíjúadé dìde. Ó ká agbádá rẹ̀ sí èjìká, ó jáde. Mọ́ṣádé wá ojú Wàhábì láàárín èrò, ṣùgbọ́n òun náà ti jáde.

Kó tó dé agbo ilé náà, ẹrù ìyá rẹ̀ ti wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ níta: ibùsùn, àpótí aṣọ, ìkòkò, àwòrán bàbá rẹ̀ tí gíláàsì rẹ̀ ti fọ́. Matilda jókòó lórí àpótí láàárín ẹrù náà, gbogbo agbo ilé ń yọjú lójú fèrèsé. Kò sẹ́ni tó jáde.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí mọ́tò búrẹ́dì fi yà wọlé. Wàhábì bọ́ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí Matilda, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kó ẹrù.

"Wàhábì..." ni Mọ́ṣádé wí.

"Inú ń bí mi sí ọ," ló dáhùn, kò dúró. "Kò tíì tán nínú mi. Ṣùgbọ́n màmá ò ní sùn síta. Gbé ẹsẹ̀ ibùsùn yẹn."

Yàrá Sàúdátù ni wọ́n fi Matilda sí. Mọ́ṣádé padà sí ilé kékeré tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń gbé tẹ́lẹ̀ lójú ọ̀nà Ìjagun, torí Alhaja Ràmọ́tà ní ìyá ni òun gbà, òun kò gba ọmọ.

Awọnlẹ̀ mìíràn wá láti Abẹ́òkúta, ó wọn ilẹ̀ náà, ohun tí Mọ́ṣádé rí lòun náà rí. Wọ́n dá ìlà padà sí ojú omi. Wọ́n dá Mọ́ṣádé náà padà sẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n gbé e lọ sí ìlú kékeré kan létí ààlà, níbi tí kò ti mọ ẹnikẹ́ni. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ló ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, tó ń wo títì tí kò ní mọ́tò.

Ọjọ́ Àìkú kan, mọ́tò búrẹ́dì dúró síwájú rẹ̀. Wàhábì gbé búrẹ́dì kan dání, ó ti tutù nítorí ọ̀nà jíjìn.

"Màmá rẹ ní kí n bá a kí ọ," ló wí. Ó jókòó sórí pèpéle. Ó gbé búrẹ́dì náà fún un. "Kí ló dé tí o ò sọ fún mi, Mọ́ṣá? Èmi nìkan."

"Ẹ̀rù bà mí. Mo wo ọ̀tún, ìyá mi ni. Mo wo òsì, ìwọ ni. Mo wá dákẹ́, torí bí mo bá dákẹ́, ó dà bíi pé mi ò yan ẹnikẹ́ni."

"Ká ní o sọ ọ́, ó ṣeé ṣe kí èmi náà má mọ ohun tí màá ṣe. Ṣùgbọ́n à bá jọ wà nínú rẹ̀." Ó mú ọwọ́ rẹ̀. "Mo bínú títí, ìbínú náà rẹ̀ mí. Ohun tó kù nínú mi ni pé mo fẹ́ ọ. Má tún dá wà nínú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́, olólùfẹ́ mi. Bí ilẹ̀kùn bá máa tì mọ́ wa, kó tì mọ́ àwa méjèèjì."

Mọ́ṣádé fi orí lé èjìká rẹ̀.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ páìpù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mọ́ṣádé gba àyè wá sílé lọ́jọ́ tí katapílà wó ṣọ́ọ̀bù Olóyè Ṣíjúadé, tó sì wó yàrá ẹ̀yìn náà mọ́ ọn. Ó rò pé inú òun á dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ògiri yàrá náà ṣubú, ó rí ibi tí bàbá rẹ̀ fi èédú sàmì sí nígbà tó ń wọn gíga rẹ̀ lọ́mọdé. Olóyè wà lódì kejì kòtò. Ó na ọ̀pá rẹ̀ sí i. "Wò ó dáadáa," ló wí. "Ìgbà ìkẹyìn tí wàá tẹ ilẹ̀ bàbá rẹ nìyí." Ó mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ títí tó fi kú.

Nígbà tí òjò padà dé, wọ́n ṣègbéyàwó. Wọ́n lọ sí kóòtù láàárọ̀, wọ́n sì kó àga sí àgbàlá ilé búrẹ́dì lọ́sàn-án, kí àlùfáà lè ṣàdúrà fún wọn. Alhaja Ràmọ́tà kò dí wọn lọ́wọ́. "Ọmọ mi ló ń fẹ́ ẹ, kì í ṣe èmi," ni gbogbo ohun tó sọ. Láti ọjọ́ ọ̀dà pupa, kò tíì bá Mọ́ṣádé sọ̀rọ̀ tààrà.

Ọ̀dọ̀ ọkọ kún fọ́fọ́. Wọ́n to àga méjìlá sọ́dọ̀ ìyàwó, Matilda nìkan ló jókòó síbẹ̀. Wọ́n ti ránṣẹ́ sí gbogbo agbo ilé Ògúnbánwò, kò sẹ́ni tó yọjú. Nígbà tó tó àsìkò, alága ìjókòó ní, "Kí ẹbí ọkọ dìde." Àwọn tó dìde pọ̀ bí igbó. Ó ní, "Kí ẹbí ìyàwó dìde."

Matilda dìde. Òun nìkan dúró láàárín àwọn àga òfìfo, ó di báàgì rẹ̀ mú gírígírí. Mọ́ṣádé tẹ orí ba, ìtìjú sì mú un débi pé ó fẹ́ kí ilẹ̀ là.

Ó wá gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Alhaja Ràmọ́tà ti fi ọ̀dọ̀ ọkọ sílẹ̀, ó ń kọjá láàárín àgbàlá díẹ̀díẹ̀, torí orúnkún ń dùn ún. Ó dé ẹ̀gbẹ́ Matilda.

"Ẹ sún díẹ̀, Ìyá Mọ́ṣádé."

Ó rú alága lójú. "Alhaja, ẹbí ìyàwó la pè."

"Mo gbọ́," ni Alhaja Ràmọ́tà dáhùn, ó sì dúró ṣinṣin. "Ìyàwó la wá fún. Ẹ máa bá àdúrà lọ."